Ọmọ Tó Ní Òun Máa Lọ, Tí Kò Sì Lọ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àdúrà àti àṣàrò wa. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn ará tí kò lè wá.)

  

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n wá dáhùn: àwọn olùdìbò tí ọ̀rọ̀ ìjọba ti sú, tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ti já kulẹ̀, ṣé wọ́n á yí ẹgbẹ́ padà lóòótọ́ tó bá di ọjọ́ ìdìbò, àbí ẹnu lásán ni?

Kí n tó lọ jìnnà, mo fẹ́ kí ẹ rántí pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Òfin iṣẹ́ mi kò gbà mí láyè láti polongo fún ẹgbẹ́ kankan, pẹpẹ tí Ọlọ́run sì fi mí sí kò gbà mí láyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń retí kí n dárúkọ ẹni tí a máa dìbò fún, kó tètè máa lọ sílé, kí ọbẹ̀ rẹ̀ má baà tutù. Ohun tí mo wá sọ kan APC, ó kan PDP, ó kan Labour, ó kan gbogbo wọn. Ó sì kan èmi fúnra mi, bí ẹ ó ti gbọ́ láìpẹ́.

ÀWA MÉJE LÁBẸ́ IGI

Ní ọdún 2023, ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìdìbò gómìnà, àwa méje jókòó lábẹ́ igi lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, níbi tí ìyá olóńjẹ ti ń tà. Ọbẹ̀ gbígbóná wà níwájú wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọba gbóná jù ú lọ. Ẹnìkan ní owó ọkọ̀ ti ń jẹ owó oṣù òun tán kí oṣù tó dé ìdajì. Ẹlòmíràn ní láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ owó náírà, ọjọ́ mẹ́ta ni òun fi tò sí bánkì kí òun tó rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà gbà. Ẹnìkẹta ní òun ti ń dìbò fún ẹgbẹ́ kan náà láti ọdún 1999, òun kò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀ ju orúkọ lọ. Kò sí ẹni tí inú kò bí. Wọ́n ń lu tábìlì pé, "Lọ́la ni wọ́n máa mọ̀ wá! A máa lé wọn lọ!"

Mẹ́sénjà wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàbá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ò dìbò kankan mọ́. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú wọn ló ń ba ìlú jẹ́.

Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, mo rọra ṣe ìwádìí. Nínú àwa méje, ẹni méjì péré ló dìbò. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tún tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ tó ti ń bú láti ọjọ́ yìí wá. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, mo dé iwájú ìwé ìdìbò, mo rántí bàbá mi. Ẹgbẹ́ yìí ni bàbá mi kú sí." Ẹnìkan ṣoṣo ló yí ẹgbẹ́ padà. Ta ni? Mẹ́sénjà wa ni. Ó ní òun jí láàárọ̀, òun ní kí òun kàn lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé tó wà nítòsí ilé òun. Ó rí àwọn aládùúgbò rẹ̀ lórí ìlà, ìtìjú mú un, ó padà sílé lọ mú káàdì rẹ̀, ó bá wọn tò.

Àwọn márùn-ún yòókù jókòó sílé. Ọ̀kan bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, torí pé ọkọ̀ kò rìn. Ọ̀kan sùn. Àwọn méjì gbọ́ lórí rédíò pé ìjà ń ṣẹlẹ̀ níbì kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn wọn. Ẹni karùn-ún, mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

OHUN TÍ JÉSÙ TI SỌ ṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin ará, ìtàn yìí kì í ṣe tuntun. Ó wà nínú ìwé Mátíù orí 21. Bàbá kan ní ọmọkùnrin méjì. Ó rán àkọ́kọ́ lọ sí ọgbà àjàrà. Ọmọ náà kọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ó ronú, ó sì lọ. Ó rán èkejì. Ìyẹn dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun ń lọ, kò sì lọ. Olúwa wa bi àwọn olórí ìlú léèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ló ṣe ìfẹ́ bàbá. Kò bi wọ́n léèrè ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù. Ẹni tó dé oko ló bi wọ́n.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè òní nìyí: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí inú ń bí kì í yí ẹgbẹ́ padà. Ìjókòó sílé ni wọ́n ń yàn. Wọ́n fi ẹgbẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì. Àárín ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, ẹni tó bá sì dúró sí àárín ọ̀nà, ẹni tó wà lórí àga ló ń bá gbé e.

Ẹ lè ní, "Pásítọ̀, ti ọ́fíìsì yín nìyẹn." Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a wo ti orílẹ̀-èdè.

Ní ọdún 2015, ẹni 67,422,005 ló wà nínú ìwé orúkọ olùdìbò. Ọ̀gágun Buhari tó dúró fún APC ní ìbò 15,424,921. Ààrẹ Jonathan tó wà lórí oyè, tó dúró fún PDP, ní 12,853,162. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ààrẹ tó wà lórí àga máa fìdí rẹmi nínú ìdìbò ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi di 2023, orúkọ tó wà nínú ìwé ti di 93,469,008. Ìyẹn ni pé ó lé ní mílíọ̀nù 26. Ẹ wá gbọ́ iye ìbò: Aṣíwájú Tinubu ti APC ní 8,794,726, Atiku Abubakar ti PDP ní 6,984,520, Peter Obi ti Labour ní 6,101,533, Kwankwaso ti NNPP ní 1,496,687.

Ẹ bá mi ṣírò. APC pàdánù ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 6.6 láàárín ọdún mẹ́jọ. PDP pàdánù tó lé ní mílíọ̀nù 5.8. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀. Àwọn tó kúrò nínú ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì pọ̀, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n lọ? Bí a bá kó gbogbo ìbò Obi àti ti Kwankwaso pọ̀, tí a sì ní ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni gbogbo wọn lọ, kò pé mílíọ̀nù 7.6. Ó tún ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.9 tí a kò rí ibi tí wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé orúkọ ti fi mílíọ̀nù 26 wúwo sí i! Ní 2015, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó forúkọ sílẹ̀, bíi 44 ló jáde. Ní 2019, bíi 35. Ní 2023, kò ju 27 lọ. Ẹgbẹ́ ìjókòó sílé ni ẹgbẹ́ tó ń dàgbà jù ní Nàìjíríà.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ délẹ̀. Ìwé orúkọ yẹn ní àwọn tó ti kú nínú, ó ní àwọn tó ti lọ sí òkè òkun. Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń yẹ ìka àti ojú wò ní 2023 sì ti dín àwọn ìbò òjìji kù, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ nígbà àtijọ́ láìsí ẹni tó tẹ̀ka. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo mílíọ̀nù yẹn ló jẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó sùn sílé. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ìyẹn kúrò, ohun tó kù ṣì tó láti mú wa sunkún.

Ọ̀ṢUN ÀTI ÌBÒ 482

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé. Gbogbo wa la mọ ìtàn owó oṣù àbọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun gbà láàárín ọdún 2015 sí 2018. Inú bí àwọn ènìyàn. Nígbà tí ìdìbò gómìnà dé ní oṣù Kẹsàn-án 2018, gbogbo ayé ní APC ti lọ. Nígbà tí wọ́n tún un dì ní ibùdó méje, tí wọ́n wá kà á parí, Oyetola ti APC ní 255,505, Adeleke ti PDP ní 255,023. Ìbò 482 ló wà láàárín wọn. Ẹ̀yin ará, ìjọ mélòó ló wà ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan ju 482 lọ? Mi ò sọ ibi tó yẹ kí wọ́n dì í sí o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọ kan ṣoṣo tó sùn sílé lè gbé ìpínlẹ̀ kan sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ó di oṣù Keje 2022. Àwọn méjèèjì tún padà wá. Adeleke ní 403,371, Oyetola ní 375,027. Wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdájọ́ ibẹ̀ sì fi ìdí Adeleke múlẹ̀ ní 2023. Gbogbo ènìyàn ní, "Ẹ ò rí i, àwọn ará Ọ̀ṣun ti yí ẹgbẹ́ padà!" Ẹ tún un wò. Bí àwọn olùdìbò APC bá ti kọjá sí PDP lọ́pọ̀ yanturu, ó yẹ kí ìbò APC dínkù. Kò dínkù. Ó fi nǹkan bí 119,500 pọ̀ sí i! Sẹ́nétọ̀ Omisore tó ní 128,049 lábẹ́ SDP ní 2018 ti wọ APC nígbà náà, ó sì jọ pé púpọ̀ nínú àwọn tirẹ̀ bá a lọ. Ìwé ìdìbò kò ní orúkọ lára, nítorí náà kò sí ẹni tó lè búra. Ṣùgbọ́n ohun tí iye yìí ń fi hàn ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan di àwọn ènìyàn tirẹ̀ mú, tí ẹgbẹ́ tó borí sì rí àfikún láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò jáde nígbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ọmọ ilé yìí kó lọ sí ilé kejì. Àwọn tó ń sùn ló jí.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ àyípadà, kó má ṣe máa retí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì ni yóò wá bá òun. Kó lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń sùn.

KÍ LÓ Ń DÁ WỌN DÚRÓ?

Èkíní ni ìtàn ìdílé. Ní ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ òṣèlú kì í ṣe aṣọ tí a ń bọ́ wọ̀. Láti Action Group ọdún 1951, dé UPN ọdún 1978, dé AD ọdún 1998, dé ACN, dé APC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé bí bàbá ti ń kọjá ni ọmọ ń tẹ̀lé e. Àwọn ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni wọ́n ti wà láti ayébáyé. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò, ó ń dà bí ẹni pé ó fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. A sì ní òwe tí a fi ń ti ara wa lẹ́yìn: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà dára fún ọmọ. Ìjọba kì í ṣe ọmọ. Ìránṣẹ́ tí a gbà síṣẹ́ ni.

Èkejì ni àìgbàgbọ́. Wọ́n ní, "Wọ́n ti kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀." Ní oṣù Kejì 2023, INEC ti ṣèlérí pé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò máa hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n bá ti kà á tán. Nígbà tó kan ti ààrẹ, kò hàn bí wọ́n ti sọ. Ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ náà rẹ̀wẹ̀sì, wọn kò sì jáde mọ́ ní oṣù Kẹta. Ẹ jẹ́ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ èyí: ìlérí tí wọn kò mú ṣẹ máa ń lé àwọn olùdìbò padà sílé.

Ẹ̀kẹta ni "dìbò kí o sebẹ̀." Ẹ̀yin tó mọ Èkìtì àti Ọ̀ṣun mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tí inú ń bí láti oṣù méjìdínláàádọ́ta, ẹgbẹ̀rún mélòó kan lè pa ìbínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Òfin ìlú ka rírà àti títa ìbò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run náà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ísọ̀ ti ta ogún ìbí rẹ̀ nítorí ọbẹ̀ kan, ọbẹ̀ ọ̀hún tán lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kẹrin ni ìbẹ̀rù. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi ṣẹ̀sín. Ìyá tó ní ọmọ lẹ́yìn kò ní dúró níbi tí àwọn jàǹdùkú ti ń gbé igi.

Ẹ̀karùn-ún ni káàdì àti ọ̀nà jíjìn. Ní 2019, ó lé ní mílíọ̀nù 11 káàdì tí àwọn tó ni ín kò lọ gbà. Ní 2023, ó lé ní mílíọ̀nù 6. Àwọn mìíràn ní káàdì, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ń gbé, ọkọ̀ kì í sì í rìn lọ́jọ́ ìdìbò.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Ẹni karùn-ún lábẹ́ igi yẹn, èmi ni. Mo wà níbẹ̀, mo lu tábìlì bí àwọn tó kù. Ìlú tí wọ́n gbé mi lọ ṣiṣẹ́ ní 2011 ni mo ti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé mi kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ìgbà méjì ni INEC ṣí ààyè sílẹ̀ kí ẹni tó bá ti kó lọ gbé orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé e, mo sì ń sọ pé, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Inú Bíbélì mi ni káàdì náà wà, mo fi ṣe àmì sí ìwé Àìsáyà, níbi tí wòlíì ti ń bá àwọn aninilára wí! Mo wàásù ìdìbò lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú. Lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó sí yàrá, mo ń gbọ́ rédíò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, bí ìsìn ti parí, màmá àgbà kan nínú ìjọ wa wá bá mi. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi, tàdáwà ṣì wà lára èékánná rẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, mo ṣe bí ẹ ti wí. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi dúró. Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ tiyín náà." Ẹ̀yin ará, mo fi ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo ní, "Màmá, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín." Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan mọ́, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìtàn ọmọ méjì yẹn ti ń bá mi jà. Mo ti wá gbé orúkọ mi wá sí àdúgbò mi báyìí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa ọ̀rọ̀ ìyá náà rẹ́.

ÌGBÀ TÍ WỌ́N Ń YÍ PADÀ LÓÒÓTỌ́

Ṣé kò wá sí ẹni tó ń yí ẹgbẹ́ padà ni? Ó wà. Ẹ wo Ọ̀yọ́. Ní oṣù Kejì 2023, Tinubu ti APC ní 449,884 níbẹ̀ fún ipò ààrẹ, PDP ní 182,977. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Makinde ti PDP ní 563,756 fún ipò gómìnà, APC ní 256,685. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, èsì kan náà yí orí padà. Òótọ́ ni pé àwọn olórí PDP níbẹ̀ kò ti Atiku lẹ́yìn nítorí ìjà inú ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Àwọn ènìyàn mọ ẹni tí wọ́n ń wò. Ẹni tí wọ́n mọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sún mọ́ wọn, ni wọ́n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ wá wo Èkó. Ní oṣù Kejì kan náà, Obi fi 582,454 borí Tinubu tó ní 572,606, ní Èkó tí í ṣe ilé Tinubu. Ẹnu ya gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ìbò Labour fún gómìnà lọ sílẹ̀ sí 312,329, ti APC gòkè dé 762,134. Ìdẹ́rùbà wà ní àwọn ibùdó kan lọ́jọ́ náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ẹ̀yà tó tini lójú. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ wa pé ẹni tó yí padà nítorí ìgbónára ọjọ́ kan lè má dúró di ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo rí tó ń mú ènìyàn kọjá láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì. Ó ní láti rí ẹnìkan tó mọ̀, kì í ṣe ìbínú nìkan. Ó ní láti rí àwọn aládùúgbò rẹ̀ lórí ìlà, bí mẹ́sénjà wa ti rí wọn. Ọ̀nà ibùdó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrú, kó má léwu.

ÀWỌN TÓ Ń YÍ PADÀ LỌ́JỌ́ GBOGBO

Ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín. Olùdìbò ń tijú láti fi ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú kì í tijú. Omisore tí mo dárúkọ, PDP ló ti dupò ní 2014, SDP ní 2018, akọ̀wé àpapọ̀ APC ló wá dà ní 2022. Ní ọdún 2025 nìkan, àwọn gómìnà Delta, Akwa Ibom àti Enugu fi PDP sílẹ̀ lọ sí APC. Gómìnà Adeleke náà fi PDP sílẹ̀ lọ sí Accord. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, olúkúlùkù ló mọ ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni agboolé bá lè kó jáde lóru, kí ló dé tí àlejò ń sunkún lórí òrùlé?

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé yíyí padà nìkan ni ìgbàlà. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 12, àwọn ènìyàn bẹ Réhóbóámù pé kó dín àjàgà kù, ó sì fi ìgbéraga dá wọn lóhùn. Ẹ̀yà mẹ́wàá yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Wọ́n fi Jèróbóámù jọba. Kí ni Jèróbóámù ṣe? Ó yá ère ẹgbọrọ màlúù méjì. Ẹni tó bá yí ẹgbẹ́ padà, tí kò bá tẹ̀lé ẹni tó yàn lójú lẹ́yìn ìdìbò, ère ni yóò bá níbẹ̀.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Kí olúkúlùkù wo káàdì rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí kò bá sí, tàbí ibi tó wà bá jìnnà, kó lọ tún un ṣe nígbà tí INEC bá ṣí ààyè sílẹ̀, kó má ṣe dúró de "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" bíi tèmi.

Kí àwọn ará tó wà ní àdúgbò kan náà jọ jáde lọ, mẹ́ta-mẹ́ta, márùn-ún-márùn-ún. Ẹ má ṣe bi ara yín léèrè ẹgbẹ́ tí ẹ máa dì í fún. Kí ẹ kàn rí i pé ìyá àgbà kò dá nìkan rìn, pé ẹnìkan bá ìyá ọmọ mú ọmọ rẹ̀ dání.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba owó, kó má sì ṣe sọ pé, "Màá gba owó wọn, màá sì ṣe èyí tó wù mí." Ọwọ́ tó gba owó ti gba ìdè.

Kí àwa olùṣọ́-àgùntàn yé fi "Ọlọ́run ló ń fi ọba jẹ" bo ọ̀lẹ wa mọ́lẹ̀. Ọlọ́run ló ń mú irúgbìn hù. A kò tìtorí ìyẹn fi ọkọ́ sílẹ̀.

Paríparí rẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń dupò ní àdúgbò wa kí ọjọ́ tó pé: ilé ìwòsàn wa ńkọ́? Owó fẹ̀yìntì àwọn bàbá wa ńkọ́? Ẹni tí a kò bi léèrè kí ó tó gun orí àga, kò ní dá wa lóhùn tó bá gùn ún tán.

Ṣé àwọn tí inú ń bí máa yí ẹgbẹ́ padà? Mo ti dáhùn: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní yí i padà, wọ́n á sùn. Ṣùgbọ́n ọmọ àkọ́kọ́ náà ti sọ pé òun kò lọ, ó sì lọ. Ẹni tó ti ń sọ pé "èmi ò dìbò mọ́" ṣì lè jẹ́ ẹni tó máa dé oko ṣáájú pásítọ̀ rẹ̀.

Kí Olúwa dárí àìlọ wa jì wá. Kó fún wa ní ẹsẹ̀ tó tó ẹnu wa. Nígbà tí màmá yẹn bá tún ní kí n na ọwọ́ mi, kí n lè nà án. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.